Àdúnjù Ló Ń Ya Ìlù: Ọ̀rọ̀ Lórí Páìpù Gáàsì Tó Ń Gbọ̀n

Ọ̀rọ̀ páìpù la mú wá fún ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ láàárọ̀ yìí: páìpù irin tí gáàsì ń gba inú rẹ̀, bí ó ṣe ń gbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, àti ibi tó yẹ kí gbígbọ̀n náà mọ.

Lọ́jọ́ kan mo dúró ní Òwódé, l'Ọ̀yọ́, kí wọ́n bá mi fẹ́ táyà. Ẹ mọ ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà ń lò: orí ẹ̀rọ wà lókè, táńkì gbọọrọ wà nísàlẹ̀, páìpù kékeré kan ló so wọ́n pọ̀. Ara páìpù yẹn kún fún àpá wẹ́dà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí wọ́n bu àbàjà fún.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n ti jó páìpù yìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni o. Àwọn wẹ́dà ìsinsìnyí ò mọṣẹ́ mọ́."

Ó tan ẹ̀rọ náà. Bí ó ṣe ń dún, mo tẹjú mọ́ páìpù yẹn. Etí rẹ̀ kò hàn dáadáa mọ́. Ó dà bí ọsán ọrun tí ọdẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ta. Mo wá wo àwọn àpá náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wẹ́dà jó kò là. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó jó ló ń là, tí òmíràn á tún wá jó o, tí ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ náà á sì là. Wẹ́dà ò jẹ̀bi. Gbígbọ̀n ló ń ya páìpù.

Àwọn àgbà ní ìlù tó bá ń dún àdúnjù, yíya ló fẹ́ ya. Àwọn ẹnjiníà gbà pẹ̀lú àgbà lórí èyí. Ohun tí wọ́n fi kún un ni pé wọ́n ní nọ́ńbà tí a fi ń mọ ibi tí dídún ti ń di àdúnjù. Nọ́ńbà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dé ìdí rẹ̀.

Ká tó débẹ̀, kí ló ń mú páìpù gbọ̀n? Ẹni tó bá ti dé agboolé alágbẹ̀dẹ rí yóò mọ ẹwìrì. Àpò awọ méjì ni, pẹ̀lú ọ̀pá lórí ìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó ń fín in á tẹ ọ̀tún, á gbé òsì. Á tẹ òsì, á gbé ọ̀tún. Ká ní àpò kan ṣoṣo ni, atẹ́gùn á dé, á sì dá. Iná á ta, á sì tún wọlẹ̀. Méjì tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn ni kì í jẹ́ kí iná sùn. Síbẹ̀, ẹ tẹ́tí sí ẹnu ẹwìrì. Kì í fẹ́ lọ gbọọrọ bí afẹ́fẹ́ ọ̀yẹ́. Fìì, fìì, fìì ló ń ṣe.

Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onípísítìn, irú èyí tí fọkanáísà ń lò, ẹwìrì onírin ni. Písítìn ń lọ, ó ń bọ̀ nínú sílíńdà. Bí ó bá fà sẹ́yìn, ó mu gáàsì. Bí ó bá tì síwájú, ó fún gáàsì náà pọ̀, fáàfù á ṣí, gáàsì á tú sínú páìpù. Ẹ̀rọ tó ń fi ojú kan písítìn ṣiṣẹ́ ń tu gáàsì lẹ́ẹ̀kan ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń fi ojú méjèèjì ṣiṣẹ́, bí ẹwìrì alápò méjì, ń tu ú lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ̀rọ bá ń yí ìgbà 600 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 10 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ tó pe "Ògbómọ̀ṣọ́" tán lẹ́nu, gáàsì ti lu páìpù yẹn ní ìgbà 10 tàbí 20.

Ìgbì gáàsì tó ń rìn nínú páìpù tó gún kò ní ibi tó máa tì. Ibi tí páìpù bá ti ṣẹ́ kọ́nà, ibi tó ti fún, ibi tí ẹnu rẹ̀ ti dí, ibẹ̀ ni ìgbì ti ń fi èjìká gbá a. Bí kọ́nà mẹ́wàá bá wà láàárín ẹ̀rọ àti táńkì, ibi mẹ́wàá ni wọ́n ti ń tì í. Ìdí rèé tí ẹni tó mọṣẹ́ kì í fi kọ́nà ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó tún máa ń gbé ìgò irin ńlá kan sí ẹnu sílíńdà gan-an, kí ìgbì wọ inú rẹ̀ kó rọ̀ kó tó bọ́ sí páìpù. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, á ki awo irin tí wọ́n lu ihò sí láàárín bọ ojú ọ̀nà, kí ó gba agbára lọ́wọ́ ìgbì náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà lè bi mí pé, ìgbì tó kéré bẹ́ẹ̀, báwo ló ṣe lè mi irin tó nípọn? Ọ̀yọ́ la wà, ẹ jẹ́ ká bi àwọn Àyàn. Ẹ gbé ìlù méjì sínú yàrá kan, kí ẹ fa awọ wọn títí ohùn wọn yóò fi bára mu. Ẹ lu ọ̀kan. Awọ èkejì á gbọ̀n, láìjẹ́ pé ọ̀pá ìlù kàn án. Ẹ dẹ awọ èkejì díẹ̀, kí ẹ tún lù: kò ní dáhùn mọ́.

Páìpù náà ní ohùn tirẹ̀. Gígùn rẹ̀, sísanra rẹ̀, ìwúwo fáàfù tó gbé sórí, àti bí ibi tí wọ́n ti dì í mú ṣe jìnnà síra wọn ló ń pinnu ohùn náà. Páìpù gígùn tí wọ́n dì mú lókèèrè-réré, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tí wọ́n dì mú ní kúkúrú kúkúrú, ohùn rẹ̀ á ga. Ọjọ́ tí ohùn páìpù bá bá ìlù kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ mu, ìgbì kékeré á di ijó ńlá.

Àwọn American Petroleum Institute ní ìwé ìlànà kan fún irú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí, API 618 ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀dà rẹ̀ karùn-ún jáde ní 2007. Ohun tó sọ ni pé ohùn páìpù tó wálẹ̀ jù lọ gbọ́dọ̀ ga ju ìlọ́po 2.4 ìyípo ẹ̀rọ lọ, àti pé ó gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún jìnnà sí ìlù yòówù tó bá lágbára. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rọ wa ń yí ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìlù rẹ̀ tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì ní ìyípo kan jẹ́ 20. Ẹ fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún 20, ó di 24. Ẹ fi 2.4 sọ 10 di púpọ̀, 24 náà ni. Ẹni tó kọ ìlànà yẹn mọ̀ pé ìlù kejì ni ọ̀tá, ó sì lé páìpù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wàyí o, nọ́ńbà tí mo ṣèlérí. Àjọ ISO, tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo àgbáyé, gbé ìwé kan jáde ní 2014 lórí gbígbọ̀n kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onípísítìn àti páìpù ara rẹ̀: ISO 10816-8. Ní 2018 wọ́n tún un gbé jáde, ó di ISO 20816-8. Wọn kò wọn bí páìpù ṣe ń pariwo. Eré tí ara páìpù ń sá bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, irú àròpín kan tí àwọn ẹnjiníà máa ń lò, ní iye mìlímítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù ló ń kà á.

Fún páìpù tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tí sílíńdà rẹ̀ dùbúlẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Bí ohun tí ẹ̀rọ kà kò bá kọjá 12.7, ara páìpù le. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí ẹ̀rọ tuntun rí. Láti 12.7 dé 19, ó ṣeé fàyè gbà, ẹ lè máa lò ó lọ. Láti 19 dé 28.5, ó ti ń ṣàìsàn: ẹ lè fi ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti máa wá bí ẹ ó ṣe tún un ṣe. Bí ó bá ju 28.5 lọ, ẹ pa ẹ̀rọ. Nínú ìwé kan náà, ìpìlẹ̀ kọnkéré tí ẹ̀rọ jókòó lé lórí kò rí àyè tó ju 3 lọ gbà kó tó di aláìsàn. Wọ́n fún páìpù láyè ju ìpìlẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, nítorí páìpù lè tẹ̀ díẹ̀, ìpìlẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tẹ̀.

Kí ni 19 yẹn tó lójú? Ẹ mú káàdì ATM yín jáde nínú àpò. Káàdì yẹn nípọn tó mìlímítà 0.76. Bí páìpù bá ń mì ní ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, tí ẹ̀rọ ka 19, láti òpin àlọ rẹ̀ dé òpin àbọ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.86 lọ. Ó fi díẹ̀ ju ìnípọn káàdì ATM lọ. Bí ó bá jẹ́ ìgbà 20 ló ń mì ní ìṣẹ́jú àáyá, ìdajì ìyẹn péré ni. Nítorí náà, páìpù tí ojú lásán bá ti rí ijó rẹ̀ kedere, tí ó ń fò bí ẹni pé eégún gùn ún, ó ti kọjá ibi tí à ń pè ní díẹ̀. A kò kọ ìwé yẹn fún ẹ̀rọ fọkanáísà. Ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n dè mọ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ṣùgbọ́n irin ni irin ń jẹ́. Páìpù tí mo rí ní Òwódé, lójú tèmi, káàdì méjì kò lè wọ̀n ọ́n.

Ẹlòmíràn á ní, "Ó ti ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì ṣe nǹkan kan." Ẹ jẹ́ ká kà á. Ìgbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ 600 ní ìṣẹ́jú, 36,000 ní wákàtí, 864,000 ní ọjọ́ kan. Kí ọjọ́ kejìlá tó pé, páìpù yẹn ti tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn ju ìgbà mílíọ̀nù 10 lọ. Ẹ ti tẹ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí tó fi ṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Irin náà ń rẹ̀. Kì í sọ fúnni nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́. Á kàn la ní ibi tó ti kọ́kọ́ ní ìpalára, ibẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ etí ibi tí wẹ́dà ti jó o. Ìdí rèé tí páìpù tuntun fi lè ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́ lọ́sẹ̀ kìíní, kó sì là lọ́sẹ̀ kejì.

Kì í sì í ṣe páìpù ńlá ló máa ń kọ́kọ́ ṣẹ́. Ẹ wo ẹ̀ka kékeré tó yọ jáde lára rẹ̀, èyí tó gbé géèjì, tàbí fáàfù kékeré tí wọ́n fi ń yọ omi. Ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, orí rẹ̀ wúwo, bí ọmọdé tó ru agbọ̀n iṣu. Bí páìpù ńlá bá mì díẹ̀, orí ẹ̀ka á fì lọ fì bọ̀, gbogbo wàhálà á sì dúró sí ọrùn. Ní Òkun Àríwá, ní apá tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń wa epo, àkọsílẹ̀ àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò iṣẹ́ fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún lára jíjò gáàsì àti epo ló wá láti ọ̀dọ̀ páìpù tí gbígbọ̀n ti mú kó rẹ̀.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á rí ẹ̀ka kékeré tó ń fì, wọ́n á mú irin, wọ́n á fi so ó mọ́ ògiri. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Páìpù ńlá tó bí i ni kí ẹ so ó mọ́. Ìyá tó pọn ọmọ lè jó bó ṣe wù ú. Ìyá ń jó, ọmọ ń jó, kò sí ìjà. Ẹ wá fi okùn so ẹsẹ̀ ọmọ náà mọ́ òpó kí ìyá tó bẹ̀rẹ̀ ijó, ẹ ó rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ ọmọ.

Báwo lèyí ṣe wá kan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́? Páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì láti Escravos lọ sí Èkó kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Ojú títì ni gáàsì ìdáná wa ń gbà wá, nínú táńkà. Bí táńkà bá dé ilé gáàsì, àwọn kan ń lo pọ́ǹpù, àwọn mìíràn ń lo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ onípísítìn: á fa gáàsì aláfẹ́fẹ́ láti òkè táńkì ilé, á fún un pọ̀, á tì í sí òkè táńkì ọkọ̀, kí ìyẹn lé gáàsì olómi wálẹ̀ sínú táńkì ilé. Páìpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ yẹn ń gbọ̀n ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ń já gáàsì.

Èkejì ni CNG, gáàsì tí wọ́n ń fún pọ̀ fún ọkọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023, tí wọ́n sì dá ètò CNG ti Ààrẹ sílẹ̀ lọ́dún kan náà, ọkọ̀ tó ń lo gáàsì yìí ń pọ̀ sí i. Wọ́n ń fún un dé nǹkan bíi bar 200. Táyà ọkọ̀ kékeré yín kò ju bar 2 àti díẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń fún gáàsì dé bar 200, onípísítìn ló sábà máa ń jẹ́, sílíńdà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Níbi tí gáàsì bá ti le tó bẹ́ẹ̀, ibi tó là tí ojú ò rí kì í ṣe ohun àfọwọ́rọ́.

Nínú ilé wa pàápàá, ó wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn fíríìjì: páìpù kọ́pà tó ti ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jáde kì í lọ tààrà, wọ́n máa ń ká a kó tó lọ. Kì í ṣe ẹwà. Kíká yẹn ló ń gba gbígbọ̀n mì. Oníṣẹ́ tó bá gé e kúrú láti fi pa kọ́pà mọ́, oṣù díẹ̀ lẹ ó fi lò ó kó tó já. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ ti sọ jẹnẹrétọ̀ yín di onígáàsì. Ẹ má fi páìpù líle so jẹnẹrétọ̀ tó ń fò mọ́ sílíńdà tó jókòó jẹ́ẹ́. Họ́ọ̀sì gáàsì tó rọ̀, tó sì gùn tó láti dẹ̀ díẹ̀, ló yẹ kó wà láàárín wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé gáàsì, tàbí tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ gbọ́ àmì tí páìpù máa ń fi hàn. Ọwọ́ géèjì tí kò dúró lójú kan. Nọ́ọ̀tì tí ẹ dì lánàá tó tún dẹ̀ lónìí. Ọ̀dà tó ti bó kúrò níbi tí kílámpù ti mú páìpù, tí irin abẹ́ rẹ̀ ń dán. Ìyẹ̀fun sìmẹ́ǹtì ní ìdí bóòtù ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ pe ẹnjiníà tó ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, kó wọ̀n ọ́n ní ojú kọ́nà, ní ẹ̀gbẹ́ fáàfù, àti ní àárín ibi tí kílámpù méjì ti jìnnà síra.

Kílámpù náà ní irú. Irin pẹlẹbẹ tó gbá páìpù mú yíká, tí wọ́n fi rọ́bà tàbí aṣọ líle sí láàárín, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì rì sínú kọnkéré, ni ó ń dá gbígbọ̀n dúró. Ṣéènì tí ẹ fi gbé páìpù kọ́, tàbí gẹdú tí ẹ kì bọ abẹ́ rẹ̀, ìwúwo nìkan ni wọ́n ń gbà. Wọn ò lè dá ijó dúró. Ẹ fi kílámpù sí ìtòsí kọ́nà àti ìtòsí fáàfù tó wúwo, torí ibẹ̀ ni ìjà wà.

Bí páìpù bá là, ẹ má gbé wẹ́dà ojú títì wá. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tú gáàsì inú rẹ̀ kúrò, ẹ wá ohun tó mú un là kí ẹ tó jó o. Ní October 2024, ọkọ̀ kan bú gbàmù ní ìlú Benin níbi tí wọ́n ti ń rọ CNG sí i. Àwọn aláṣẹ ní sílíńdà tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fọwọ́ sí, wọ́n ti fi wẹ́dà tún un ṣe. Gbígbọ̀n kọ́ ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò yàtọ̀: àpá wẹ́dà kì í wo àìsàn tí ẹ kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

Àwọn NMDPRA, tí òfin epo rọ̀bì ti 2021 dá sílẹ̀, ni wọ́n ń fún ilé gáàsì ní ìwé àṣẹ. Ẹ̀yin aláṣẹ NMDPRA, a bẹ̀ yín, bí ẹ bá ń yẹ ohun èlò páná-páná àti ọ̀nà àbájáde wò, ẹ yẹ gbígbọ̀n páìpù náà wò. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà ní LAUTECH, l'Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀, iṣẹ́ àṣekágbá yín kò gbọdọ̀ parí sínú ìwé. Ẹ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n yín, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ilé gáàsì, kí ẹ lọ bá wọn wọ̀n ọ́n.

Mo padà sí Òwódé lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Fọkanáísà náà ti yọ páìpù alábàjà yẹn kúrò. Ó ti fi họ́ọ̀sì tí wọ́n fi wáyà hun sí i dípò rẹ̀, irú èyí tó ń gba ooru, ó sì ti fi rọ́bà sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ. Ó ní òun kò tíì dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá lọ ra gáàsì lọ́sẹ̀ yìí, tí ẹ rí páìpù tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ọ̀gá ibẹ̀ ní ìbéèrè kan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mélòó ni gbígbọ̀n páìpù yìí?" Bí ó bá dáhùn pé kò tó 19, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní òun ò mọ̀, ẹ ní kó wọ̀n ọ́n.